Afaruku Tí Apá Wọn Ká

Ẹ̀rọ afaruku ilé Fadérera kú ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ikú ẹ̀rọ yẹn ló sì mú ìyá rẹ̀ jáde kúrò nílé tí kò padà wọ̀ mọ́.

Ó kú bí àgbàlagbà ṣe ń kú. Kò bú gbàù, kò pariwo. Ó wúkọ́ díẹ̀ lẹ́bàá àga, èéfín tín-ín-rín yọ ní ìdí rẹ̀, ó sì dákẹ́. Fadérera fi ẹsẹ̀ tì í. Ó tún tì í. Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀, ó ṣí ikùn rẹ̀, ó gbọn àpò eruku rẹ̀, ó fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀. Òórùn wáyà tó jóná ló dá a lóhùn.

"Ó ti kú," ó sọ sókè.

"Ta ló kú?" Ohùn náà wá láti iyàrá ẹ̀yìn.

"Ẹ̀rọ ni, Màmá. Ẹ rọra máa sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀rọ bàbá ẹ?"

"Ẹ̀rọ mélòó la ní?"

"Ó sìn wá," ni Màmá wí. "Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò sin òbí tó bẹ́ẹ̀."

Fìtílà Àjọ Afẹ́fẹ́ tó ń díwọ̀n eruku inú ilé ni Fadérera ń wò lára òpó ìlẹ̀kùn. Àwọ̀ ewé ló ṣì ń tàn. Ní ìta, eruku ti bo ojú ọ̀run bí ó ṣe ń bò ó lójoojúmọ́. Láyé àwọn ìyá ìyá wa, ọyẹ́ a máa wá, a sì máa lọ. Ní ayé Fadérera, ó ti wá sí Ṣakí, ó ti kọ́lé síbẹ̀. Gbogbo fèrèsé ni wọ́n ti fi símẹ́ǹtì dí. Ọ̀pá ló ń gbé afẹ́fẹ́ mímọ́ wọ ilé kọ̀ọ̀kan, Àjọ ló sì ni ọ̀pá.

"Kí ni fìtílà wí?" Màmá bèèrè.

"Ó ṣì dára."

"Títí dìgbà wo?"

"Ọ̀la, yóò ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Tó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú, yóò ti di pupa."

Àwọn méjèèjì mọ ohun tí pupa jẹ́. Bí fìtílà bá ti di pupa, àwọn òṣìṣẹ́ á dé, wọn á ti ẹnu ọ̀pá, wọn á sì yẹ ilé wò láti iyàrá dé iyàrá, títí kan èyí tó wà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀, lójú Àjọ, kò sí ẹnì kankan nínú iyàrá ẹ̀yìn. Ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni pé Màmá ti lọ bá àbúrò rẹ̀ ní Kétu, níbi tí òfin Ṣakí kò dé.

Òfin ọ̀hún ni pé ẹni tó bá ti pé àádọ́rin ọdún kò gbọdọ̀ mí afẹ́fẹ́ ọ̀pá mọ́. Wọn kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣá. Wọ́n ní eruku òkè ò dára fún àyà àgbà, wọ́n ní afẹ́fẹ́ etí òkun tutù minijọ, nítorí náà àwọn á gbé àwọn òbí lọ sí Ibùdó Ìtura. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi oyin pa lára báyìí, kí ènìyàn gbọ́n ọn nù kó wo ohun tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ kò kárí, àwọn àgbà ni wọ́n sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá lọ kì í bọ̀. Bó bá kú síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sin ín sí.

Ìyẹn gan-an ni Màmá ń sá fún. Kì í ṣe ikú. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Kápẹ́ńtà, sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, táìlì funfun ni wọ́n fi bo sàréè rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Màmá ti fi ẹ̀fun fa ìlà sílẹ̀. "Ibí ni tèmi," ó máa ń wí, "ẹ má gbé àga síbẹ̀." Ohun kan ṣoṣo tó ń bẹ Ọlọ́run fún nìyẹn, kó sùn ti ọkọ rẹ̀ nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Nítorí ẹ̀ ló ṣe fara mọ́ iyàrá tí kò ní fèrèsé.

Fadérera fi ìbòjú bo imú àti ẹnu, ó gba ṣọ́ọ̀bù Rájí lọ.

Rájí ń ta afaruku ní ìdí Òkè Aṣabari. Ọkùnrin sísanra kan ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti bá Bàbá Kápẹ́ńtà ṣọ̀rẹ́.

"Haa! Fadérera oníkọ́tìnì!" ó kígbe. Kọ́tìnì nínípọn tó ń dí eruku lẹ́nu ọ̀nà ni Fadérera ń rán tà. "Kò sí ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ mi tínú ẹ̀ dùn. Èwo ló kú?"

"Ẹ kú ọjà, Bọ̀ọ̀dá Rájí. Èyí tí Bàbá mi rà ni."

"Ìyẹn ṣì wà láyé? Mo rò pé wọ́n ti sin ín mọ́ bàbá ẹ."

"Ẹ má fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí lẹ ní?"

"Èló lo mú wá?"

"Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tẹ́ ẹ ní."

"Bí mo bá sọ ohun tí mo ní, wàá bú mi. Bó o bá sọ iye tó o mú wá, èmi ni n ó bú ẹ. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹ."

Fadérera ò rẹ́rìn-ín. Rájí náà rí i pé ọ̀rọ̀ ò gba àwàdà, ló bá gbé ẹ̀rọ dúdú kékeré kan sílẹ̀ láti orí pẹpẹ. Ó rí bí ìjàpá.

"Odi lorúkọ èyí. Kò ní ojú, kò ní etí. Ẹnu tó ní kò ju èyí tó fi ń jẹ eruku lọ. Bó bá fà á tán, ó parí, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan."

Ó sọ iye rẹ̀. Fadérera gbé ọwọ́ lérí.

"Ṣé góòlù ló ń fà ni?"

"Dídákẹ́ lò ń rà, ọmọ mi. Láyé ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ohun tó bá lè sọ̀rọ̀ ló máa ń wọ́n. Ó ti yí padà. Ohun tí kò bá lè rojọ́ ẹni ló wọ́n báyìí."

"Ẹ dín in kù."

"Bí mo bá dín in títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní dé ibi tí ọwọ́ ẹ wà. Àfi bó o bá ta ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ. Màá rí ẹni rà á kí ọ̀sán tó pọ́n."

"Kí n tà á, kí a wá máa jẹ kí ni? Eruku?"

Rájí gbé Odi padà sórí pẹpẹ. Ó fa èkejì yọ lábẹ́ tábìlì, tòkunbọ̀ kan tí ara rẹ̀ ti họ. Ó tàn án. Ó ń dún bí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Kíá ló pa á.

"Apá mi ká ìyẹn," ni Fadérera wí.

"Mo mọ̀. Mi ò ní tà á fún ẹ."

"Èwo tún nìyẹn?"

"Mo lè tà á fún ẹlòmíràn kí n sì sun oorun mi. Àmọ́ bí ọmọ Kápẹ́ńtà bá gbé e lọ, tó bá gbiná nínú ilé tí kò ní fèrèsé, kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá ẹ lọ́jọ́ tí mo bá bá a lọ́hùn-ún? Ṣé o ò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará ìdí ọ̀gbàrà ní àsìkò Iléyá? Irú ẹ̀ ni."

Ó ku ẹ̀kẹta. Àwọn yẹn pọ̀ lọ bẹẹrẹ lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tò wọ́n léra wọn bí abọ́, funfun báláú, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi dì wọ́n. Ọ̀rẹ́ Ilé ni wọ́n kọ sí wọn lára. Iye tí ènìyàn ń ra bàtà ni wọ́n ń tà wọ́n, wọ́n sì lè dá rìn, wọ́n ní apá gígùn tí wọ́n fi ń gun orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n lè wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

"Kí ló dé tó fi pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀?" Fadérera bèèrè.

"O mọ̀ ọ́n."

"Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Rájí wo ẹnu ọ̀nà. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ó ń tọ́ eruku wò kó tó gbé e mì. Ara ènìyàn ló sì pọ̀ jù nínú eruku ilé, awọ tó bó, irun tó já. Ibẹ̀ ló ti ń mọ iye ẹni tó ń gbé ilé, ó ń mọ ọmọdé, ó ń mọ àgbà. Ohun tó bá mọ̀, Àjọ ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń ta oògùn pẹ̀lú ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ló bá ẹ san ìyókù owó ẹ̀."

"Bí ẹnì kan ò bá sí nínú eruku tó fà ńkọ́?"

Rájí wò ó títí. "Màmá lọ sí Kétu, àbí?"

"Wọ́n lọ sí Kétu."

"Kí Ọlọ́run jẹ́ kí Kétu tù wọ́n lára." Ó nu ojú. "Ẹni tó bá wà ní Kétu, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí fún ẹ̀rọ, tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá iyàrá rẹ̀, tí wọ́n ń fi àkísà tútù nu ún, tí wọ́n ń da ìdọ̀tí rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ ìta, ẹ̀rọ ò lè mọ̀ ọ́n. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó ti pẹ́, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa o. Nígbà tó o bá ti fa ọ̀rá yẹn ya, ó ti jí nìyẹn. Má wò ó pé kò tíì rìn."

Fadérera dúró níbẹ̀. Ó wo Odi lórí pẹpẹ. Ó ro ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọdún tí ọkọ rẹ̀ lé e jáde tó fi di dalémosú, ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ló gbé sórí wọlé bàbá rẹ̀, kò gbé nǹkan mìíràn. Òun ló ń bọ́ Màmá. Bó bá tà á, ilé á mọ́, ebi á sì pa wọ́n nínú ilé mímọ́. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó nawọ́ sí Ọ̀rẹ́ Ilé.

"Ẹ bá mi gbé ọ̀kan."

Rájí ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bá a gbé e.

Ìyá Tàńmọ́ọlá, obìnrin tó ń gbé ilé kejì, rí i bó ṣe ń gbé e bọ̀. "Ẹ kú ìnáwó o!" ó kígbe. "Ẹ ó lò ó gbó. Kò ní rí ogun ọ̀sán." Ó wá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ rántí kí *wọ́n* fọwọ́ kàn án o."

Kò dárúkọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Kétu ò jìnnà.

Nílé Bàbá Kápẹ́ńtà, wọn kì í lo ohun tuntun kí Màmá tó wúre sí i. Kì báà ṣe bàtà, kì báà ṣe ìkòkò. Ẹ̀rọ ìránṣọ Fadérera, Màmá ló wúre sí i. Ẹ̀rọ afaruku tó kú yìí, ọjọ́ tí Bàbá rà á ni Màmá ti gbé ọwọ́ lé e, wọ́n sì lò ó títí tí ẹni tó rà á fi kú ṣáájú rẹ̀. Tánkì omi nìkan ni wọ́n gbàgbé, ó sì là sí méjì kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Látìgbà náà, kò sí ẹni tó tún gbàgbé.

Fadérera gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní pálọ̀. Ó fa ọ̀rá ya. Kò tàn án.

"Ó ti dé?" Màmá bèèrè láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

"Ó ti dé."

"Gbé e wá kí n wúre sí i."

"Màmá, kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Mo ti ṣàlàyé fún yín."

"O ti tàn án?"

"Rárá."

"Ṣé ó ti fa nǹkan kan?"

"Kò tíì fa nǹkan kan."

"Báwo wá ni? Ṣé bó o ṣe fẹ́ lò ó nìyẹn, lásán, bí ọmọ tí wọn ò sọ lórúkọ? Ohun tó fẹ́ máa rìn káàkiri orí ilẹ̀ tí bàbá ẹ sùn sí? Àsàbí, gbé e wá."

Àsàbí ni oríkì Fadérera. Màmá kì í pè é bẹ́ẹ̀ àfi tó bá fẹ́ kó ṣe ohun tí kò fẹ́ ṣe.

Ó rántí ohun tí Rájí wí. Ká má parọ́, ó rántí rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n eruku ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní eruku ni ẹ̀rọ ń tọ́ wò, ẹ̀rọ tí kò tíì fa eruku, kí ló fẹ́ mọ̀? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rù tánkì omi ṣì ń bà á. Ó gbé ẹ̀rọ náà mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ṣí ìlẹ̀kùn, ó wọlé.

Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti wé gèlè, ó ti múra sílẹ̀ dè é. Ó gba ẹ̀rọ lé ẹsẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á lára, lókè, nísàlẹ̀, títí tó fi kan ẹnu rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu yẹn.

"Ẹnu tí wọ́n fi ń jẹ ìdọ̀tí lẹnu yìí," ó wí. "Kò ní jẹ wá. Ohun tí kò dáa ni yóò máa bá wa kó jáde. Ibi tó bá rìn dé nínú ilé yìí, ire ni yóò bá níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọ mi ni yóò gbó sí. Kò ní sọ ọmọ mi di ẹni ẹ̀sín."

"Àmín."

"Sọ ọ́ sókè. Ṣé ìwọ ni mò ń wúre fún tàbí ara mi?"

"Àmín o!"

Màmá rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, fùú, fùú, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ sórí ọmọ tuntun. Ó gbé e fún ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí Fadérera padà sí pálọ̀, ó mú àkísà tútù. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó nu ẹ̀rọ náà. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé àkísà sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì kọ̀. Ṣé ènìyàn ń wúre sí nǹkan tán kí wọ́n tún wá nu ìre náà kúrò? Irú ọmọ wo ló ń fi àkísà nu àdúrà ìyá rẹ̀? Ó ju àkísà sínú korobá omi. Ó tan ẹ̀rọ náà.

"Ẹ káàsán o," ni ẹ̀rọ wí, ohùn rẹ̀ tutù bíi tọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. "Inú mi dùn láti bá yín gbé."

"Máa ṣiṣẹ́ ẹ," ni Fadérera dá a lóhùn.

Ó sì ṣiṣẹ́. Kí a sọ òótọ́, ẹ̀rọ náà dára. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọ̀ ewé ni fìtílà ṣì ń tàn. Bí ẹ̀rọ bá dé ẹnu ìlẹ̀kùn iyàrá ẹ̀yìn, á fi imú kàn án, á dúró díẹ̀, á yí padà. Láràárọ̀, bí ẹ̀rọ bá wà nílé ìdáná, Fadérera á yọ́ wọlé tọ Màmá, á gbá ilẹ̀, á nu ún, á di ìdọ̀tí náà sínú ìwé, á lọ tú u dànù sójú afẹ́fẹ́. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ó tilẹ̀ rán kọ́tìnì tuntun kan fún Rájí láti fi dúpẹ́.

Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ Àjọ kan ìlẹ̀kùn, ó rò pé oníbàárà ni.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ni. Ó bọ́ ìbòjú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ gidi. Ó ní Kúforíjì lorúkọ òun. "Àjọ ní kí n kí yín, Mà. Inú wa dùn pé ẹ̀ ń tọ́jú ilé yín. A wá bá yín rọ àgbà yín lọ́rùn ni."

"Àgbà wo?"

"Ìyá tó wà pẹ̀lú yín."

"Ìyá mi wà ní Kétu."

Ọmọbìnrin náà ò jiyàn. Ó jókòó sórí àga láìjẹ́ pé wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó sì wo ẹ̀rọ tó ń rìn lọ lábẹ́ tábìlì.

"Ẹ̀rọ yẹn ò dé iyàrá ẹ̀yìn rí," Fadérera sọ. "Kò fa eruku ibẹ̀ rí. Kí lẹ fẹ́ sọ pé ó rí?"

"Òótọ́ ni, Mà. Kò rí i nínú eruku."

"Níbo ló wá ti rí i?"

"Lára ara rẹ̀ ni. Kó tó fa ohunkóhun. Àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà wà lókè rẹ̀, ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì wà ní ẹnu rẹ̀. Èémí àgbàlagbà tún wà lórí ẹ̀." Ó gbé ojú sókè. "Ẹ ní kí wọ́n wúre sí i, àbí?"

Fadérera yíjú wo ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ tábìlì.

"Bí a ṣe ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn nìyẹn," ni ọmọbìnrin náà wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sọ ọ́ bí ẹni ń kàwé. "Ìyá tèmi náà wúre sí tiwa."

Ìlẹ̀kùn iyàrá ẹ̀yìn ṣí. Màmá dúró síbẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá, báàgì kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ má bínú sí ọmọ mi," ó wí. "Èmi ni mo ní kó gbé e wá."

"A ò bínú sí ẹnikẹ́ni, Mà. Ẹ máa gbádùn ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù, omi rere, àwọn ẹgbẹ́ yín—"

"Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí mo bá kú, ṣé ẹ ó gbé mi wálé?"

"Ibùdó ní ibi ìsinmi tó lẹ́wà, Mà."

"Mi ò béèrè ẹwà lọ́wọ́ ẹ, ọmọ dáadáa. Ṣé ẹ ó gbé mi wálé?"

Kúforíjì wo ilẹ̀. "Rárá, Mà."

Màmá mi orí. Ó rìn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró lórí ìlà ẹ̀fun, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan táìlì Bàbá. Ohun tó sọ fún un kò ta sétí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dìde, Fadérera ti dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń wí pé òun ì bá ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ, òun ì bá ti tà á, ebi ì bá pa àwọn.

"Kí ebi pa ọmọ mi kí n lè sùn ti ọkùnrin?" ni Màmá wí. "Bàbá ẹ ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Fi mí sílẹ̀, o fẹ́ tú gèlè mi."

Ọkọ̀ ti ń dúró. Wọ́n gbé e lọ.

Kí Kúforíjì tó jáde, ó ṣí ìlẹ̀kùn iyàrá ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu, ó fi igi dá a dúró. Ó ní òfin ni, ilé kò gbọdọ̀ ní ìlẹ̀kùn tí ẹ̀rọ kò lè wọ̀. Fadérera jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe wọ iyàrá náà, tó ń kùn lọ, tó ń kùn bọ̀, tó gun orí bẹ́ẹ̀dì, tó wọ abẹ́ rẹ̀. Kò dìde. Kò rí ìdí tí yóò fi dìde.

Wọn kì í jẹ́ kí ará òkè dé Ibùdó. Wọ́n ní eruku wà lára wọn. Lórí fóònù nìkan ni ó ti ń rí ìyá rẹ̀, fún ìgbà díẹ̀ lóṣooṣù.

"Ṣé lóòótọ́ ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, Màmá?"

"Ó tutù. Ó tutù jù. Aṣọ mi ò gbẹ láti ìgbà tí mo dé. Àwọn tó wà níyàrá mi, kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá òkè. Tí mo bá pa òwe, ṣé èmi náà ni n ó tún máa já a? Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun."

"Jẹun o."

Nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, Àjọ fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ti wọ inú ìtura ayérayé, pé àwọn bá a yọ̀ fún ẹ̀mí gígùn. Fadérera gbọ́ ọ títí dé òpin, nítorí kò mọ èyí tó jẹ́ pé ó kú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn. Ìgbà tó yé e, ó jókòó sílẹ̀.

Ìyá Tàńmọ́ọlá ló wá gbé e dìde. Obìnrin náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá kú sí ojú ogun tàbí ìrìn àjò, tí wọn ò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú bọ̀ wálé sin. Ẹni tí wọ́n bá sin irun rẹ̀ sílé, ó ti délé. "Bẹ̀ wọ́n," ni Ìyá Tàńmọ́ọlá wí. "Irun díẹ̀ náà tó."

Ó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fi ohùn dídùn dá a lóhùn. Wọ́n ní àwọn ti fi iná sọ ohun gbogbo tó jẹ́ ti ìyá di mímọ́, gẹ́gẹ́ bí àṣà Ibùdó.

"Kò burú," ni Ìyá Tàńmọ́ọlá tún wí. "Iyàrá tó gbé ńkọ́? Ẹni tó gbé iyàrá fún ọdún gbọọrọ, irun rẹ̀ ò lè tán níbẹ̀."

Àwọn ọkùnrin àdúgbò ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí ìlà ẹ̀fun. Fadérera àti Ìyá Tàńmọ́ọlá wọ iyàrá ẹ̀yìn. Wọ́n tú ìrọ̀rí. Wọ́n gbọn ẹní. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri. Wọ́n fi iná wo gbogbo igun, wọ́n fi ìka họ ẹ̀gbẹ́ táìlì. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán. Kò sí irun. Kò sí èékánná. Kò sí eruku lásán pàápàá.

Fadérera sáré lọ gbé Ọ̀rẹ́ Ilé, ó fi ọ̀bẹ tú ikùn rẹ̀. Àpò tó wà níbẹ̀ mọ́ tónítóní. Àjọ ti ń pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Èyí tó fa eruku Màmá ti lọ láti ìgbà tí Màmá ti lọ.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti gbẹ́ ihò náà tán, ó ṣe wẹ́kú, ẹ̀gbẹ́ Bàbá gan-an ló wà. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì kí wọ́n lè rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n dúró díẹ̀ sí i, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kí ènìyàn ṣe. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ilẹ̀ padà sínú ihò tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.